Owó Lórí Yìnyín: Bí Kánádà Ṣe Tọ́ Àwọn Eléré Ìgbà Òtútù Rẹ̀

Ní ọdún 1976, ìlú Montreal ní orílẹ̀-èdè Kánádà gba àlejò ìdíje Òlíńpíìkì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ojú wọn ti là ní ilẹ̀ Yorùbá lásìkò náà ni yóò rántí rẹ̀, nítorí pé Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn kọ̀, wọn kò bá wọn díje. Ohun tí ó bí wọn nínú ni pé New Zealand, tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rugby rẹ̀ lọ bá àwọn South Africa ṣeré nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì wà níbẹ̀, ni a gbà láàyè láti díje láìsí ìbáwí. Ìbínú Áfíríkà yìí ni a fi ń rántí Montreal ní ọ̀dọ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n àwọn onílé ní ìbànújẹ́ tiwọn lọ́tọ̀. Fàdákà 5 àti idẹ 6 ni gbogbo ohun tí ó kàn wọ́n. Wọn kò gba wúrà kan ṣoṣo. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó gba àlejò Òlíńpíìkì ìgbà ooru tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí rí, yálà ṣáájú ìgbà náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún 12 kọjá. Ní oṣù Kejì ọdún 1988, Òlíńpíìkì ìgbà òtútù dé sí Calgary, ní apá ìwọ̀-oòrùn Kánádà kan náà. Ẹni tí kò kúrò ní ilẹ̀ olóoru rí yóò fẹ́ mọ ohun tí à ń pè ní eré ìgbà òtútù. Ní ilẹ̀ tí omi odò ti ń dì gbagidi fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún, àwọn ènìyàn a máa de pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ẹsẹ̀, wọn a sì máa fi yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tí òjò dídì bò. Òun ni síkì. Àwọn mìíràn a máa wọ bàtà tí irin mímú wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, wọn a máa fi sáré lórí yìnyín, tàbí kí wọ́n máa fi jó. Irú bàtà yìí kan náà ni àwọn tí ń gbá hockey ń wọ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá rọ́bà pẹlẹbẹ kan kiri. Àwọn kan sì wà tí wọn a gun ọkọ̀ kékeré tí kò ní táyà, tí yóò máa já ṣòòròṣò bọ̀ láti òkè nínú kòtò tóóró tí a fi yìnyín tẹ́, ní eré tí ó lè ju 130 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ìjókòó ni ti bobsleigh. Ìdùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn ni ti luge. Ìdojúbolẹ̀ tí orí ń ṣáájú ni ti skeleton. Ẹ̀rù a máa ba ẹni tí ń wò wọ́n, kí á má tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ẹni tí ń ṣe é.

Eré ọmọdé ni irú nǹkan wọ̀nyí jẹ́ ní Kánádà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ti ń dúró lórí irin mímú. Nítorí náà ìrètí pọ̀ ní Calgary pé wúrà yóò wọlé. Brian Orser ni ó gbé àsíá Kánádà wọ pápá lọ́jọ́ ìṣíde, òun ni gbogbo ìlú sì gbójú lé nínú ijó orí yìnyín àwọn ọkùnrin. Brian mìíràn, Brian Boitano ti Amẹ́ríkà, ni ó gba wúrà náà mọ́ ọn lọ́wọ́ pẹ̀lú ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Nígbà tí ìdíje parí, fàdákà 2 àti idẹ 3 ni Kánádà rí kó jọ. Ìgbà kejì nìyí tí olórí ìnáwó fúnra rẹ̀ yóò jókòó ní àgbàlá ara rẹ̀ máa wo àlejò bí wọ́n ti ń jẹ èyí tí ó dùn jù.

Kí ni ó dé? Kì í ṣe òjò dídì ni wọn kò ní. Kì í ṣe ọmọ tí ó lẹ́bùn ni wọn kò ní. Kò tilẹ̀ ṣeé sọ pé ìjọba wọn ahun, nítorí pé láti àárín ọdún 1970 síwájú ni ìjọba àpapọ̀ ti ń san owó ìrànwọ́ oṣooṣù fún àwọn eléré tí ó bá dé ìwọ̀n kan, owó àkànṣe sì tún wà fún ìmúrasílẹ̀ Calgary. Àbùkù ibẹ̀ ni pé bí ẹni pín ẹran ìnáwó ni wọ́n ṣe ń pín owó náà, tí a gé e sí wẹ́wẹ́ kí ó lè kárí. Kíkárí dára nínú ìnáwó. Ṣùgbọ́n lórí yìnyín, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni ó sábà ń wà láàárín ẹni tí ó gba wúrà àti ẹni tí ó pa dà sílé lọ́wọ́ òfo. Owó tí ó kárí tí kò sì tó ẹnikẹ́ni kò lè mú ìdá kan yẹn wá.

Èrò ọkàn àwọn ènìyàn náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ará Kánádà ti gbà pé kíkópa fúnra rẹ̀ tó iyì, pé kí ìjọba máa fi owó lé àmì-ẹ̀yẹ kiri jẹ́ ìwà àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba ti ń darí ohun gbogbo. Wọn kò ṣàìrí àpẹẹrẹ. Ní Calgary náà, Sófíẹ̀tì gba wúrà 11, Jámánì Ìlà-Oòrùn tí kò tóbi rárá sì gba 9. Àmọ́ nígbà tí ògiri Berlin wó, tí ìwé àṣírí ìjọba náà sì jáde sí gbangba, ayé rí i pé oògùn wà lára ohun tí a fi tọ́ àwọn ọmọ Jámánì Ìlà-Oòrùn, tí a sì ń fún àwọn ọ̀dọ́ mìíràn lára wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń gbé mì. Ẹni tí ó bá kọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi.

Nọ́wè ni ó wá fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà. Àwọn náà kò gba wúrà kankan ní Calgary, ìtìjú ńlá sì ni èyí fún àwọn tí síkì ti jẹ́ ogún ìbí wọn. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí à ń pè ní Olympiatoppen, wọ́n sì fi gbogbo eré sí abẹ́ ìmọ̀ kan, kí ohun tí ẹni tí ń sáré lórí yìnyín bá mọ̀ nípa bí ara ti ń gba agbára má ṣe jẹ́ àdììtú fún ẹni tí ń yọ̀ lórí òkè. Nígbà tí ìdíje dé ilé wọn ní Lillehammer ní ọdún 1994, wúrà 10 ni wọ́n gbà, àmì-ẹ̀yẹ wọn lápapọ̀ sì jẹ́ 26. Àwọn ènìyàn tí ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 4 ni wọ́n nígbà náà.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2003, níbi ìpàdé tí Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé ṣe ní Prague, Vancouver fi ìbò 56 sí 53 borí PyeongChang ti Kòríà, a sì fi ìdíje ìgbà òtútù ọdún 2010 fún un. Inú àwọn ará Kánádà dùn, àyà wọn sì já. Àwọn tí ó wà nídìí eré bẹ̀rẹ̀ sí bi ara wọn pé ṣé ẹ̀ẹ̀kẹta ni a ó tún pe ayé jọ wá wo òfo wa? A ní kí Cathy Priestner Allinger, obìnrin tí ó gba fàdákà nínú eré sísá orí yìnyín ní ọdún 1976, darí àwọn tí yóò wádìí ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Nínú ìwádìí yìí ni ètò kan ti jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2005. Own the Podium ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn ni pé kí pèpéle ìṣẹ́gun di tiwa. Ìlérí inú rẹ̀ kò fara sin: àmì-ẹ̀yẹ 35 ní Vancouver, kí Kánádà sì ṣe ipò kìíní láàárín gbogbo ayé. Ó tún ní kí àwọn eléré abirùn orílẹ̀-èdè náà wà lára mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ìdíje Paralympics. Mílíọ̀nù 110 dọ́là Kánádà ni wọ́n ṣírò rẹ̀ sí fún ọdún 5, ó sì lé sí i kí ó tó parí. Bí ìlàjì rẹ̀ ti ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ wá. Ìyókù wá láti ọwọ́ àwọn tí ń ṣètò ìdíje náà, àwọn ilé-iṣẹ́ onígbọ̀wọ́ àti àwọn mìíràn.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó yẹ kí á fara balẹ̀ wò, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Roger Jackson, tí òun àti George Hungerford jọ gba wúrà nínú ọkọ̀ wíwà ní Tokyo ní ọdún 1964, ni ó di olórí rẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn ògbógi ń bá ẹgbẹ́ eré kọ̀ọ̀kan jókòó. Wọn kì í béèrè iye ọmọ ẹgbẹ́, wọn kì í sì í béèrè bí eré náà ti gbajúmọ̀ tó. Ìbéèrè wọn kò ju ọ̀kan lọ: ta ni nínú àwọn eléré yín ni ó lè dé orí pèpéle, kí ni ẹ̀rí rẹ̀, kí ni ó sì kù fún un? Ẹgbẹ́ tí ó bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò rí owó tí ojú rẹ̀ kò rí rí. Olùkọ́ni yóò wá láti ilẹ̀ òkèèrè bí ó bá di dandan. Onímọ̀ nípa iṣan àti oúnjẹ yóò máa bá wọn rìn. Bí òjò dídì bá tán ní Kánádà, wọn yóò wọ bàálù lọ sí ibi tí ó gbé wà. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò rí ìwọ̀nba.

Apá kan wà nínú ètò náà tí wọ́n pè ní Top Secret, ìyẹn Àṣírí Ńlá. Bíi mílíọ̀nù 8 dọ́là ni a yà sọ́tọ̀ fún un. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún: kí ni ó yẹ kí a fi ra àtẹ́lẹ̀ síkì kí ó lè yọ̀ jù? Irú irin wo ni ó ń fa yìnyín jù lábẹ́ ọkọ̀ skeleton? Aṣọ wo ni afẹ́fẹ́ kì í dì mú? Wọ́n gbé àwọn eléré sínú yàrá tí a ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ líle lu ọkọ̀ òfuurufú láti dán an wò, wọ́n dúró síbẹ̀ bí ère, a sì ń wọn bí títẹ orí ba díẹ̀ ti ń dín ìdènà kù. Ọ̀rọ̀ tí àwọn baba ńlá wọn ń fi ojú mọ̀ lórí òkè ti di ohun tí à ń fi ẹ̀rọ wọ̀n.

Kò pẹ́ tí àríyànjiyàn fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní orúkọ ètò náà ti ga jù fún orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ mọ́ ìwà pẹ̀lẹ́. Ẹ̀sùn tí ó wúwo jù ni ti ojú ọ̀nà yìnyín ní Whistler, níbi tí bobsleigh, luge àti skeleton yóò ti wáyé. Ojú ọ̀nà náà yá ju gbogbo èyí tí ó wà láyé lọ. Àwọn ọmọ onílé ń lò ó bí ó ti wù wọ́n. Àwọn àlejò kò rí àyè fún ìdánrawò ju ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀ lọ. Kò sí òfin tí wọ́n rú. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo onílé ti máa ń ṣe, Kánádà kọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ àlejò ò ní ṣàìmọ̀ bí a kò bá fún un ní omi mu tó.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2010, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìṣíde gan-an, Nodar Kumaritashvili, ọmọ ọdún 21 láti ilẹ̀ Jọ́jíà, ń ṣe ìdánrawò luge ní Whistler. Nítòsí òpin ojú ọ̀nà náà ni ó já kúrò lórí ọkọ̀, ó fò kọjá ògiri, ó sì fi ara lu òpó irin. Ó kú. Àwọn aláṣẹ tí ó wádìí ikú náà sọ pé ìjàm̀bá ni, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí bí a óò ti sọ̀rọ̀ nípa ìdánrawò tí a fi du àwọn àlejò tí kì í mú ojú ro ni. Wọ́n gbé ibi ìbẹ̀rẹ̀ eré náà wá sísàlẹ̀, wọ́n sì mọ ògiri sí ibi tí ọmọkùnrin náà ti jáde.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn èyí, Alexandre Bilodeau borí nínú síkì orí òkìtì. Ó di ọmọ Kánádà àkọ́kọ́ tí yóò gba wúrà Òlíńpíìkì nílé. Ọdún 34 ni wọ́n ti ń retí rẹ̀ láti Montreal. Bilodeau kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa owó tàbí ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Frédéric, tí àrùn kan ti ń bá ọpọlọ àti iṣan rẹ̀ jà láti kékeré, ni ó dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìfaradà. Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan fà sẹ́yìn. Àwọn onísíkì orí òkè gíga, tí a ná owó lé lórí gan-an, kò mú idẹ kan bọ̀. Nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀, àwọn àgbà eré ní Kánádà jẹ́wọ́ ní gbangba pé ipò kìíní ti bọ́. Àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè fi orúkọ Own the Podium ṣe ẹlẹ́yà.

Ẹlẹ́yà náà kò pẹ́ lẹ́nu wọn. Wúrà bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn. Kaillie Humphries àti Heather Moyse gba ti bobsleigh àwọn obìnrin; ọmọ Kánádà náà ni ó ṣe ipò kejì. Charles Hamelin gba méjì. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, 28 oṣù Kejì, Sidney Crosby gbá ayò tí Kánádà fi na Amẹ́ríkà ní 3 sí 2 nínú hockey àwọn ọkùnrin, ìgboro sì kún. Wúrà 14, fàdákà 7, idẹ 5. Kò tíì sí orílẹ̀-èdè tí ó gba wúrà tó bẹ́ẹ̀ nínú Òlíńpíìkì ìgbà òtútù kan ṣoṣo títí di ọjọ́ náà. Ní àròpọ̀ àmì-ẹ̀yẹ, ipò kẹta ni wọ́n ṣe pẹ̀lú 26. Amẹ́ríkà ní 37, Jámánì ní 30. Nínú Paralympics tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n gba 19, wúrà 10 lára rẹ̀, wọ́n sì ṣe ipò kẹta nínú kíka wúrà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pinnu.

Ṣé owó ni ó ṣe é? Ẹni tí ó bá sọ pé owó nìkan ni, ó gbàgbé pé Calgary fi ilé eré sísá orí yìnyín sílẹ̀, àti pé láti inú rẹ̀ ni Catriona Le May Doan ti jáde láti gba wúrà ní 1998 àti 2002, kí a tó gbọ́ orúkọ ètò yìí rárá. Àmì-ẹ̀yẹ 17 ni Kánádà ti gbà ní Salt Lake City ní 2002, ó sì di 24 ní Turin ní 2006. Òkè ni wọ́n ń gùn bọ̀. Àwọn mìíràn pín owó náà sí iye àmì-ẹ̀yẹ, wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ná ìlú ní ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 4 dọ́là. Ìṣirò ẹni tí ń kánjú ni. Ó yọ àwọn eléré abirùn kúrò, kò sì ka ìmọ̀ tí ó kù sílẹ̀ sí nǹkan. Ohun tí ó dà bí òtítọ́ ni pé owó náà kò sọ ẹni tí kò lè borí di aborí. Ó gba ẹni tí ipò kẹrin ti fẹ́ di ilé rẹ̀, ó sì tì í gòkè díẹ̀.

Ìjọba kò dá owó náà dúró lẹ́yìn 2010. Kánádà gba 25 ní Sochi ní 2014, ó sì gba 29 ní PyeongChang ní 2018, èyí tí ó pọ̀ jù tí wọ́n ti gbà títí di ìgbà náà nínú ìdíje ìgbà òtútù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ń hù jáde. Ọmọ tí a ń fún lóúnjẹ nítorí àmì-ẹ̀yẹ tí yóò mú wá, ta ni yóò gbọ́ igbe rẹ̀ bí ẹni tí ń tọ́ ọ bá ń lù ú? Kaillie Humphries, tí ó tún gba wúrà ní 2014, fi ẹ̀sùn kàn pé a hùwà àìdáa sí òun nínú ẹgbẹ́. Àwọn tí ó fẹ̀sùn kàn kò gbà. Ní ọdún 2019 ó kúrò, ó lọ ń díje fún Amẹ́ríkà, ó sì gba wúrà fún wọn ní Beijing ní 2022. Ní ọdún 2022 yìí kan náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ eléré bobsleigh àti skeleton Kánádà kọ̀wé jọ, wọ́n ní kí àwọn olórí ẹgbẹ́ wọn fi ipò sílẹ̀. Wúrà 4 ni Kánádà gbà ní Beijing, èyí tí ó kéré jù láti ọdún 1994.

Kí á má sì ṣe rò pé àwọn eléré náà di olówó. Owó oṣooṣù ìjọba fún àgbà eléré jẹ́ 1,500 dọ́là láti 2004. Ó di 1,765 ní 2017. Nínú ìlú bíi Vancouver tàbí Calgary, owó ilé nìkan lè gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ.

Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà tí wọn ì bá dúpẹ́ bí wọ́n bá rí i. Ní ọdún 2016, Seun Adigun, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Amẹ́ríkà, tí ó ti sáré fún Nàìjíríà ní London ní 2012, fi pátákó kan ọkọ̀ bobsleigh nínú gáréèjì. Òun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga ń tì í kiri ní Houston, níbi tí òjò dídì kì í sábà sí. Wọ́n tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ayé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. 75,000 dọ́là ni ohun tí wọ́n ń wá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017 ni wọ́n parí ìdíje márùn-ún tí ó sọ wọ́n di ẹgbẹ́ bobsleigh àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí yóò dé Òlíńpíìkì. Simidele Adeagbo, tí a bí ní Toronto ní Kánádà gan-an, bá wọn lọ sí PyeongChang fún skeleton. Ipò ìkẹyìn ni àwọn méjèèjì ṣe, ipò 20. Kò sí ìgbìmọ̀ ògbógi kan tí ìbá fún wọn ní kọ́bọ̀.

Ojú ọ̀nà yìnyín tí wọ́n ti parí ìdíje márùn-ún náà wà ní Calgary, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ọdún 1988 fi sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, a bi àwọn ará Calgary bóyá kí ìlú náà tún du ìdíje ti ọdún 2026. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún wọn, ìdá 56 ní rárá. Ojú ọ̀nà náà sì ti ń fẹ́ àtúnṣe. Ìjọba ti ṣèlérí mílíọ̀nù 17 dọ́là, ó ku bíi mílíọ̀nù 8. Kò sí ẹni tí ó mú un wá. Ní ọdún 2019 wọ́n pa ẹ̀rọ tí ń mú un tutù, yìnyín náà yọ́, àwọn ọmọ bobsleigh Calgary sì di ẹrù wọn, wọ́n ń lọ ṣe ìdánrawò ní Whistler.